Ohun tí ojú mi rí kí wọ́n tó yọ cataract

Bí wọ́n bá ní cataract ti mú ojú ẹni, ìyẹn ni pé lẹ́ǹsì inú ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ti ṣókùnkùn, abẹ ni gbogbo ènìyàn máa ń bẹ̀rù. Èmi náà bẹ̀rù rẹ̀, mo sì ti ń gbàdúrà lé e lórí tipẹ́tipẹ́ kó tó kàn mí. Nígbà tó dé, kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti parí. Ohun tó gba sùúrù, tó gba ọgbọ́n, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sódì mọ́ wa lọ́wọ́, ni àyẹ̀wò tó ṣáájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu irú ojú tí èèyàn á máa lò títí ọjọ́ alẹ́, bẹ́ẹ̀ kì í sábà sí ẹni tó máa là á yé ọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n sọ ọ́ fún ẹni tí tirẹ̀ ń bọ̀, tàbí ẹni tó fẹ́ mú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ lọ. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ìka mi ló tóbi jù, kì í ṣe ojú.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn. Aṣọ ọkùnrin ni mo ń rán jù: agbádá, dàńṣíkí, bùbá àti ṣòkòtò. Bí ọ̀rọ̀ ojú mi ṣe bẹ̀rẹ̀, ayọ̀ la kọ́kọ́ pè é. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo awò kí n tó lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Àfi bí mo ṣe ṣàkíyèsí pé mo ti ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ láìlo awò. Ìyá Wálé, ìyàwó mi, jẹ́rìí rẹ̀ nínú ìjọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi àgbo tí mò ń mu han àwọn. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa pé irú cataract kan wà tó ń le sí i láti àárín lẹ́ǹsì ojú, tó sì jẹ́ pé bó ṣe ń le, bẹ́ẹ̀ lèèyàn á máa rí ohun tó súnmọ́ ọn dáadáa, tí ohun tó jìnnà á sì máa bàjẹ́ lọ. Kò tọ́jọ́. Nígbà tó yá, àtòkèèrè àti nítòsí ṣókùnkùn pa pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú mọ́ mi lójú. Aṣọ funfun wá ń pọ́n lójú mi, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Ọmọ iṣẹ́ mi ló pè mí, tó rọra sọ ọ́ kí oníbàárà má baà gbọ́: "Ọ̀gá, òwú dúdú lẹ fi ń rán aṣọ búlúù yìí o." Mo gbé e jáde síta gbangba, mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, n kò rí ìyàtọ̀ kankan. Lálẹ́, iná mọ́tò tó bá ń bọ̀ níwájú á tú ká lójú mi, títì á sì pòórá. Bí mo ṣe dẹ́kun àtijáde lálẹ́ nìyẹn.

Àwọn kan ní kí n má ṣe lọ sí ọsibítù, pé àwọn kan wà tó máa ń kiri, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ "yọ" ohun funfun inú ojú, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Mo mọ̀ wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ. Lọ́jọ́ kìíní, ó ríran débi pé ó ka owó ọwọ́ rẹ̀ fún wa. Kò pẹ́ tí ojú náà fi pọ́n, tó wú, tó ń ro ó tọ̀sán-tòru, tó sì kú pátápátá. Dókítà tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tó yá ní wọn kì í yọ nǹkan kan. Ṣe ni wọ́n ń ti lẹ́ǹsì tó ti funfun náà ṣubú sẹ́yìn nínú ẹyin ojú, ibẹ̀ ló máa wà tí á máa dààmú gbogbo inú ojú. Ó ní nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, nínú gbogbo ojú tí wọ́n bá pé wọ́n ti fọwọ́ kàn nítorí cataract, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn alábẹ́rẹ́ yìí. Ìwádìí yẹn kan náà ló fi hàn pé cataract ló wà nídìí nǹkan bí 43 nínú 100 àwọn àgbàlagbà tó fọ́jú. Mo rántí ẹ̀gbọ́n mi, n kò lè fèsì.

Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n gba owó káàdì, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, wọ́n kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora sí mi lójú, ọmọdékùnrin kan sì mú ohun kan tó gùn tó bírò, ó fi ẹnu rẹ̀ kan ẹyin ojú mi. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà bó ṣe ń ṣe é. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e kúrò, ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó ní kí ẹni tó kàn wọlé. Kò béèrè oògùn tí mò ń lò, kò béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Wọ́n ní kí n lọ máa wá owó, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún iṣẹ́ abẹ.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú rẹ̀ ni wíwọ̀n yẹn. Télọ̀ ni mí. Oníbàárà tó bá fún ikùn mọ́ra nígbà tí mo bá ń wọ̀n ọ́n, tí n kò sì ní kó mí dáadáa kí n tún un wọ̀n, èmi àti ẹ̀ ló máa jà ní ọjọ́ ìkómọ. Mo wá gbọ́ ní ibòmíràn pé bó ṣe rí gan-an náà nìyẹn. Gígùn ẹyin ojú láti iwájú dé ẹ̀yìn ni wọ́n ń wọ̀n, pẹ̀lú bí iwájú rẹ̀ ṣe yọ sí, àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n á fi ṣírò agbára lẹ́ǹsì àtọwọ́dá tí wọ́n máa fi rọ́pò ti inú ojú. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 23 sí 24. Bí wọ́n bá fi mìlímítà kan péré ṣìnà, nọ́ńbà awò ẹni náà lè fi nǹkan bíi 2.5 sí 3 yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Bí ọwọ́ bá sì tẹ ẹyin ojú mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n, ojú náà á kúrú ju bó ṣe rí lọ.

Ìyá Wálé ló ní ká lọ sí ọsibítù ńlá. Kí á tó lọ, ó pe nọ́ńbà wọn, ó sì béèrè ohun tó yẹ ká kó lọ́wọ́. N kò mọ̀ pé èèyàn lè béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ká kó gbogbo awò tí mo ti lò rí wá, àtèyí tó ti fọ́. Wọ́n ní ká kó gbogbo oògùn tí mò ń lò wá nínú páálí wọn, kì í ṣe ká wá máa sọ pé "èyí tó funfun, tó rí róbótó." Wọ́n ní kí n má fi mọ́tò wa ara mi wá, kí ẹnì kan tẹ̀lé mi, kí n mú awò dúdú tàbí fìlà tó ní etí lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n má kán ohunkóhun tí wọn kò fún mi sí ojú, ì báà ṣe omi àgbo, ì báà ṣe omi ṣúgà, kí àwọn obìnrin má sì lé tìróò wá. Wọ́n ní kí n jẹun, kí n sì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi láàárọ̀ bí mo ṣe máa ń lò ó.

Ọ̀rọ̀ jíjẹun àti lílo oògùn yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ìyá kan jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ náà, láti apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, wọ́n ti sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn mọ́jú. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ẹni tó bá ń lọ fún àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu. Wọn kò jẹun, wọn kò mumi, wọn kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí nọ́ọ̀sì de okùn mọ́ wọn lápá, ìfúnpá wọn ti lọ sókè débi pé wọ́n gbé wọn lọ sí ibòmíràn kí wọ́n sinmi, wọ́n sì fún wọn ní ọjọ́ míì. Ìyá náà sunkún. Owó mọ́tò ni wọ́n ń sunkún lé lórí, wọn kò tíì ronú kan ojú. Àwọn oníṣúgà náà, bákan náà ló rí fún wọn: bí ṣúgà bá ga jù, wọ́n á ní kí ẹ lọ mú un wálẹ̀ ná. Bó bá di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an, wọ́n lè ní kí ẹ má jẹun. Ìyẹn yàtọ̀. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ wo.

Níbẹ̀, wọ́n wọn ojú mi kí ohunkóhun tó kàn án, nítorí oògùn tí wọ́n ń kán àti ẹ̀rọ tó ń fọwọ́ kan ojú lè da iwájú ẹyin ojú rú díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lo ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, kò kàn mí rárá. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n fi àwọn nọ́ńbà náà wéra. Tọ̀tún gbà. Tòsì kò gbà, cataract ibẹ̀ ti ki jù fún ìmọ́lẹ̀ láti kọjá, ni wọ́n bá lo irú èyí tó gùn tó bírò yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó dì í mú lọ́tẹ̀ yìí kò tẹ̀ mí. Ẹ má bẹ̀rù láti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un wọ̀n." Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń lo lẹ́ǹsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú, ẹ sọ fún un pé wọ́n máa ní kó yọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, torí ó máa ń yí iwájú ẹyin ojú padà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri. Fún ẹni tí kò mọ̀wé, E kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń lò, tó kọjú sí òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, ẹ ó kàn fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹnu rẹ̀ kọ sí. Ó dùn mí láti rí àgbàlagbà ọkùnrin kan tó ń ṣe bí ẹni rí i. Ó ti há a sórí láti ẹnu ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Ta ló fẹ́ tàn jẹ?

Fún ojú òsì mi, E ńlá òkè pátápátá kò ṣeé rí. Dókítà wá bo tọ̀tún, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi láti apá kan sí èkejì. "Bàbá, níbo ni iná wà?" Mo ń nawọ́ sí i. Àwọn ibì kan wà tí mi ò nawọ́ sí ibìkankan, mo rò pé ó ti pa á ni. Kò pa á. Mo gbọ́ bó ṣe dákẹ́, n kò fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó wọn ìfúnpá inú ojú mi, ó ga ní apá òsì. Wọ́n kán oògùn tó ń fẹ ọmọlójú, a sì jókòó síta fún bí ìdajì wákàtí kí ó tó ṣiṣẹ́. Oògùn yìí ló fà á tí wọ́n fi ní kí èèyàn má wa mọ́tò. Ohun tó wà nítòsí á dàrú, oòrùn á máa gún ojú fún wákàtí mélòó kan. Wálé dì mí lọ́wọ́ mú lọ sí ilé ìtọ̀. Mo ti dì í lọ́wọ́ mú bẹ́ẹ̀ rí, n kò mọ̀ pé ó máa tètè yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a wọlé padà, dókítà tú àpò oògùn tí Ìyá Wálé dì. Ó ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sọ nǹkan kan, títí ó fi kan oògùn tí wọ́n fún mi nítorí ìtọ̀ tí kì í fẹ́ jáde. Tamsulosin lorúkọ rẹ̀. "Bàbá, ó ti tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti ń lo èyí?" Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni, ojú tì mí láti sọ ọ́ lójú ọmọ mi, àmọ́ páálí ti sọ ọ́. Oògùn yẹn máa ń jẹ́ kí apá aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ, ọmọlójú á sì fẹ́ máa pa dé mọ́ dókítà lọ́wọ́. Ó ní kí n má fi í sílẹ̀, nítorí ẹni tó tiẹ̀ ti dáwọ́ rẹ̀ dúró tipẹ́ náà, ojú rẹ̀ ṣì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn pọn dandan kí ẹni tó máa dì abẹ mú mọ̀ ṣáájú, kó múra sílẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú fáìlì mi. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, irú warfarin, kí òun náà sọ, kó má sì dá a dúró fúnra rẹ̀.

Nípa ojú òsì, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi. Glaucoma ti wà níbẹ̀, ó ti ń jẹ iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ láìro mí, láìta mí. Wọ́n lè yọ cataract ojú náà, àmọ́ ohun tí glaucoma ti mú lọ kò ní padà. Oògùn kíkán lójoojúmọ́ ni, kí èyí tó kù má baà lọ. Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó dáhùn bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọ̀wọ̀ dáhùn. Lójú mi, ó sàn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti lọ ṣí ojú náà láìsọ fún mi, ǹ bá sọ pé àwọn ló bà á jẹ́. Ó wá yíjú sí Wálé, ó ní kí àwọn ọmọ mi àti àwọn àbúrò mi lọ yẹ ojú wọn wò, torí ó máa ń rìn nínú ẹbí. Wálé tó ti ń fi fóònù ṣeré gbé fóònù sílẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ojú ọ̀tún, èyí tó máa sìn mí. Dókítà fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi Wálé léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Wálé dáhùn pé mo ti fẹ̀yìn tì, pé tẹlifíṣọ̀n ni mò ń wò. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, n kò tíì fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi ló bá mi fẹ̀yìn tì."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ó ní lẹ́ǹsì tí wọ́n máa ń fi sí i kì í sún síwájú sẹ́yìn bíi ti ọ̀dọ́, ibì kan ṣoṣo ló ti ń ríran kedere láìlo awò. Bí mo bá mú òkèèrè, màá lo awò fi ránṣọ. Bí mo bá mú tòsí, màá lo awò jáde. Irú lẹ́ǹsì kan wà tó ń gbìyànjú láti ṣe méjèèjì, owó rẹ̀ ga, kò sì fẹ́ ẹ fún ẹni tí glaucoma ti wọ ara rẹ̀. Ó béèrè bí abẹ́rẹ́ ṣe máa ń jìnnà sí ojú mi tó. Mo yọ téèpù láti àpò bùbá mi, mo di ọwọ́ mú bí ẹni ń ṣe ọrùn agbádá, Ìyá Wálé sì wọ̀n ọ́n: ínṣì 16. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Wálé ní kí n mú òkèèrè, pé ìgboro Ìbàdàn kò ṣeé fi ojú bàìbàì rìn. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ojú, èmi ni mo sì mọ ibi tí mo ti ń fi í wá oúnjẹ. Mo mú ínṣì 16.

Mo ti ń bínú sí ọmọ náà nínú mi, àmọ́ nígbà tí a jáde, mo rántí bàbá kan ní Ọjà'ba nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, tí wọ́n yọ cataract rẹ̀ láìfi nǹkan rọ́pò rẹ̀. Awò rẹ̀ nípọn débi pé ojú rẹ̀ máa ń tóbi gbàràmù lẹ́yìn rẹ̀, a sì máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Dókítà ti sọ fún wa pé 1949 ni Harold Ridley kọ́kọ́ fi lẹ́ǹsì àtọwọ́dá sínú ojú èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn tó ti rí i pé àfọ́kù ìbòrí ọkọ̀ òfuurufú tó wọ ojú àwọn awakọ̀ ogun kò bínú sí ojú náà. Bàbá Ọjà'ba kò rí ọ̀kan gbà. Àwa wá ń jà lórí èyí tí a máa yàn.

Èyí tó kù kò gba àkókò: ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ìfúnpá. Nọ́ọ̀sì fi omi iyọ̀ wẹ ihò omijé mi, mo tọ́ ọ wò lọ́nà ọ̀fun, ìyẹn ló fi mọ̀ pé kò dí, pé ìdọ̀tí kò kó síbẹ̀. Ó ní ṣé mo lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbọọrọ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí láìwúkọ́. Ọyẹ́ ni, mo sì ti ń wúkọ́ láti Kérésì. Wọ́n ní kí n lọ tọ́jú ikọ́ ná, torí ikọ́ kan lójijì nígbà tí abẹ wà nínú ojú, ewu ni. Mo bínú, mo lọ, mo tọ́jú rẹ̀. Nílé, mò ń dùbúlẹ̀ lálaalẹ́ láìgbé ìrọ̀rí púpọ̀ sórí, mo fi aṣọ fífẹ́lẹ́ bo ojú, Ìyá Wálé ń wo aago. Kí ẹ tó san owó, ẹ tún béèrè bóyá lẹ́ǹsì wà nínú iye tí wọ́n dá lé e. Ti àwọn kan, kò sí níbẹ̀.

Mò ń ránṣọ nísinsìnyí. Búlúù ti padà di búlúù, awò tí mo fi ń jáde sì wà lórí imú mi bí mo bá ti fẹ́ la títì kọjá. Oògùn ojú òsì ń lọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Wọ́n fún mi ní káàdì kékeré tí wọ́n lẹ nọ́ńbà lẹ́ǹsì ọ̀tún mọ́. Ìyá Wálé ti ya fọ́tò rẹ̀, ó tún fi í ránṣẹ́ sí Wálé, torí ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe tòsì, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.